Bí Mo Ṣe Ba Ìjà Má-Dúró Ẹ̀gbọ́n Mi Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù wa, tí ẹ ń kọ̀wé yìn mí pé èmi ni mo mọ̀ pé ìjà onísùúrù dùn ju ìjà wàràwàrà lọ, ẹ dákun, ẹ dá ìyìn yẹn dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó ti lé lọ́dún kan, ó ti wú títí, kò sí ìdérí tó lè bò ó mọ́. Irọ́ ni mo fi borí. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí, ó sì yẹ kí n mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Oṣù mẹ́rìnlá péré ni.

Káfíńtà ni bàbá wa. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní kékeré, òjò kan rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò síṣẹ́, kò sílé ìwé. Bàbá bá fi igi gbẹ́ dáìsì méjì, wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ti wà nínú igbó báyìí o. Ẹranko kan ń bọ̀. Kí lẹ máa ṣe?" Bí géèmù wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu la fi ń rìn nínú igbó náà, dáìsì ló ń sọ bóyá ọfà wa bà á tàbí ó tàsé. Èmi ni oníṣègùn, ẹ̀gbọ́n mi ni tafàtafà. Bàbá ló ń ṣe gbogbo ọ̀tá, wọ́n á tún ṣe Arúgbó Ọlọ́kọ̀ tó ń tẹ̀ lé wa kiri, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀kọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dàgbà, àwa méjèèjì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, a sì gba yàrá méjì lókè ilé ìtẹ̀wé kan láti sọ eré Bàbá di géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kẹta wa ni ọmọbìnrin kan tó mọ àwòrán yà dáadáa, Ayàwòrán la ń pè é. Gbogbo nǹkan ń lọ geere títí a fi dé orí ìjà. Èmi ní kí ìjà rí bíi ti ìdí tábìlì: ìwọ ṣe tìẹ, ọ̀tá á dúró; ọ̀tá ṣe tiẹ̀, ìwọ náà á dúró. Ayàwòrán sọ ọ́ ní ìjà ó-kàn-ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá o, kí gbogbo wọn máa jà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọfà máa fò bí idà ṣe ń bọ̀. Ayàwòrán sọ ìyẹn ní ìjà má-dúró. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ta ló ń tò sórí ìlà de ẹni tó fẹ́ pa á?" Èmi náà á ní, "Ta ló ń ronú nígbà tí wọ́n ń gbá a létí, Bọ̀dá mi?" Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá le, kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀, gbogbo ayé á dúró kó fi ronú. Mo ní jìbìtì nìyẹn. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń pe ẹlòmíì ní oníjìbìtì!

Mo ní ìdí kan tí mi ò sọ jáde. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá lápá ọ̀tún. Ẹnu wọn já gaara, ọpọlọ wọn pé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ náà sì ni. Bí mo bá ti wo ìjà má-dúró yẹn, ohun tí mò ń rò ni pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ ilé tí Bàbá ò ní lè wọ̀. Kí ló dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ìgbéraga ni. Mo fẹ́ kí ọgbọ́n mi borí, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àánú ló bá mi borí.

Ká má baà máa jà títí ayé, a fẹnu kò pé kí àwọn àlejò bá wa dá a. A pe èèyàn mẹ́jọ, a to kọ̀ǹpútà mẹ́jọ. Wọ́n á gbá ìjà má-dúró láàárọ̀, ìjà ó-kàn-ẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n á sì kọ èyí tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣáájú gbogbo wọn dé ibi iṣẹ́. Nọ́ńbà kan wà nínú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ fi sinmi kó tó tún ṣá èèyàn. Mẹ́ta ló fi síbẹ̀. Oṣù méjì ló fi wá mẹ́ta yẹn kó tó rí i. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, mo pa mẹ́ta rẹ́, mo kọ ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo láǹfààní láti yí ọkàn padà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ń súfèé.

Bí àwọn àlejò ṣe jókòó, ìpakúpa bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan pariwo pé, "Ẹ gbà mí o, mi ò tíì rí ẹni tó pa mí!" Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan kú lẹ́ẹ̀mẹfà kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí ò fẹ́ràn ọmọ èèyàn." Ẹ̀yìn àga rẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí, ó gbọ́ ọ ketekete. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n bọ́ sórí ìjà ó-kàn-ẹ́, ara tù wọ́n, ẹ̀rín sọ. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló mú tèmi.

Ẹ má rò pé èyí tó burú jù nìyẹn. Èyí tó burú jù ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, mo sáré dá nọ́ńbà náà padà sí mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó tì mí, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, bá mi wò ó. Ó jọ pé mo ṣi nǹkan kan kọ. Kò rí báyìí nígbà tí mò ń dán an wò." Mo ṣí iṣẹ́ náà síwájú rẹ̀, mo fi ìka mi yìí tọ́ka sí mẹ́ta yẹn, mo ní, "Bọ̀dá mi, mo ti wò ó látòkè délẹ̀. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló ṣe rí." Ó mi orí. Ó ní, "A jẹ́ pé orí mi ni ò mọ ohun tó dùn mọ́." Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́, ó gbé e lọ sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà, níbi tí a ti ń dá lẹ́tà àwọn oníbàárà lóhùn. Ibẹ̀ ló wà fún oṣù mẹ́rìnlá. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́! Mo sì ń jẹun, mo ń sùn. Géèmù wa jáde, ó gbayì, wọ́n ń pè mí ní ọlọ́gbọ́n, èmi náà ń tẹrí ba.

Àṣé kọ̀ǹpútà méje ni mo dá padà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Ayàwòrán ń palẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́, ó ṣí èyí tó wà ní igun, ó ké sí mi: "Àǹtí, ta ló fi ọ̀kan síbí? Mẹ́ta ni Bọ̀dá máa ń sọ." Mo ní, "Pa á dé. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó wò mí lójú, ó sì yé e. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá mi gbé e mì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní, "Àǹtí, Bọ̀dá po tíì fún mi lónìí, mi ò lè mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, torí tó bá jẹ́ èmi ni mo máa sọ ọ́, ẹkún ni n óò fi sọ ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, mo mú Ayàwòrán dání lọ sílé Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó jáde sẹ́yìnkùlé, à ń gbọ́ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Ọ̀kan lo fi síbẹ̀?" Mo ní, "Ọ̀kan ni, Bọ̀dá mi." "Kì í ṣe mẹ́ta?" "Kì í ṣe mẹ́ta." Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta bá fò sókè, ó dì mọ́ fìríìjì, ó ń bá a jó. "Orí mi pé! Ayàwòrán, orí mi pé! Bàbá, ẹ gbọ́, orí mi pé o!" Ó jó tán, ó yíjú sí mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìwọ, inú ń bí mi sí ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ó dọ̀la kí n tó bínú. Inú mi dùn jù lónìí." Lóòótọ́, nígbà tó dọjọ́ kejì, ó bínú, ó sì bínú dáadáa. Ó tọ́ sí mi.

Bàbá kan tábìlì kó. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé nítorí ọwọ́ mi lo ṣe ṣe é?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." "Ṣé o bi mí?" Mo mi orí pé rárá. Wọ́n ní, "Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá." A gbé ìjà má-dúró síwájú wọn, ojúlówó, oní mẹ́ta. Wọ́n fi ọwọ́ òsì darí Arúgbó Ọlọ́kọ̀ wọnú igbó, ẹranko kọ lù ú, ó kú. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ tẹ bọ́tìnnì gígùn yẹn, gbogbo ẹ̀ á dúró dè yín." Bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Kúrò níbẹ̀! Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí ẹ ti ń dúró dè mí. Ẹ ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń dúró dè mí nídìí oúnjẹ. Bí mo bá fẹ́ wọ bàtà, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ẹranko yìí nìkan ni ò ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀!" Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni wọ́n kú. Ní ìgbà kejìlá, ọ̀kọ̀ wọlé. Igbe ayọ̀ tí Bàbá ké, aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ti bàbá mi mọ́ ìta, mo sì rò pé mò ń ṣílẹ̀kùn fún wọn ni.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìjà méjèèjì ni yóò wà nínú géèmù náà, kí kálukú mú èyí tó wù ú. Ìjà ó-kàn-ẹ́ ṣì ni mo fẹ́ràn, mi ò ní parọ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì, dírẹ́bà, àti ẹ̀yin mẹ́fà yòókù, ẹ má bínú sí mi. Àga yín wà nílẹ̀, ẹ padà wá kú ikú tó tọ́ sí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ohun tí ẹ gbà gbọ́ bá dára, ẹ jẹ́ kó bá ara rẹ̀ jà. Ẹ má sì ṣàánú ẹni tí ẹ ò tíì bi léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ti dárí jì mí. Àmọ́ ó ti gbé àga rẹ̀ padà sídìí iṣẹ́, ó sì gbé tèmi lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní oṣù mẹ́rìnlá ni, kò ní dín lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ kọ ọ́ síwèé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Èmi gan-an ni n óò kà á, èmi náà ni n óò sì dá a lóhùn.