Pérégún Ààlà ní Abà Olókùúta

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì wúwo. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò tẹ̀ mọ́, òjò ọdún yìí sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí ohun tó kan òjò níbẹ̀.

Abà wa kò jìnnà sí ìlú Ìrókò. Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn bọ̀, òkúta ńlá kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Òun ló fún abà lórúkọ. Láti ìdí rẹ̀, ilẹ̀ rọra ń lọ sísàlẹ̀ títí dé odò. Lókè, òkúta wẹ́wẹ́ ni, ọkọ́ kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Nísàlẹ̀, àkùrọ̀ ni, ọ̀pẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi àti Bàbá Láníyan, ọ̀rẹ́ wọn, ni wọ́n jọ ṣán igbó náà. Wọ́n gbin pérégún ṣe ààlà láti ìdí òkúta dé etí odò, kí àwa ọmọ má baà jà. Odò yà sí apá Bàbá Láníyan, ni àkùrọ̀ bá di tiwọn.

Nígbà tí ogun Ìjàyè dé, bàbá mi ti kú. Bàbá Láníyan kó ará ilé wọn lọ sínú odi Ìbàdàn. Àlàbí, àbúrò wọn, nìkan ni wọ́n fi ṣọ́ oko. Èmi náà dúró sí oko tiwa.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Àlàbí lọ sọ́jà Ìrókò, mo mú àdá. Mo gé pérégún ìsàlẹ̀ yẹn, mo sì lọ rì í sí ìkọjá àwọn ọ̀pẹ, nínú ilẹ̀ Bàbá Láníyan. Ẹ mọ pérégún, kì í kọ ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀ tí Bàbá Láníyan padà dé, pérégún tí mo rì ti ga bí èyí tí àwọn fúnra wọn gbìn. Wọ́n wò ó títí.

"Àlàbí, pérégún yìí ń rìn ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ nǹkan kan o."

"Ìwọ lo wà nílé. Kí ni wọ́n fún ọ jẹ tó o fi sùn?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi?"

Mo ní, "Bàbá, ibi tí mo bá a nìyẹn. Bóyá kí ẹ tún bi Àlàbí dáadáa."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí Àlàbí bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ń fi àwọn rẹ́rìn-ín. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbèrò. Nígbà tó yá, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ìrókò. Ibẹ̀ ló kú sí.

Èmi náà kò sinmi. Gbòǹgbò àtijọ́ kò kú. Bí òjò bá ti rọ̀, á tún hù lójú ààlà gidi, á tò gbọọrọ bí èèyàn tó dúró. Mo máa ń ní mo fẹ́ lọ wo ẹbìtì, màá sì lọ bẹ́ ẹ. Ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà, mo rò pé ó ti mọ̀. Ìyàwó mi kàn ń ṣàwàdà lọ́jọ́ kan ni: "Bàbá Àṣàkẹ́, irú ẹbìtì wo lẹ ń dẹ tí kì í mú èkúté kan?" Mi ò lè jẹ oúnjẹ tó gbé kalẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú. Bàbá Láníyan náà ti lọ. Àwọn ọmọ mi ló jogún àkùrọ̀ àti ọ̀pẹ. Àwọn ọmọ Láníyan jogún òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ Àlàbí kò jogún ju ẹ̀sùn pé bàbá wọn ta ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pìtàn abà wa fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, èmi àgbà ibẹ̀ á sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Pérégún ojú ààlà gidi ti tún yọ ewé. Ẹnikẹ́ni kò tíì rìn dé ibẹ̀. Ṣé kí n pe àwọn ọmọ Láníyan àti ti Àlàbí kí wọ́n wá wò ó, àbí kí n rán ọmọ mi lọ bẹ́ ẹ?