Ẹni Tó Ń Mú Òwú

Nǹkan bí ọdún 1994 ni, a tò sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń wo ojú n'Ílé-Ifẹ̀. Ìyá àgbà kan ń fi wúlù hun búláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin aboyún kan sì tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn.

"Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń hun!"

"Kí ni mo fẹ́ wò? Tí mo bá fi abẹ́rẹ́ kó òwú láti iwájú, á jọ̀lọ̀. Tí mo bá kó o láti ẹ̀yìn, á ṣe kókó-kókó. Fọwọ́ kàn án."

"Ó mà dáa o! Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mà. Búlúù àti funfun lẹ tò bọ̀. Ìlà gíríìnì ló wà níbí."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti sọ fún mi. Mi ò dá àwọ̀ mọ̀ mọ́, bàbá yín ló ń bá mi mú òwú."

"Bàbá ńkọ́?"

"Àwọn ni dókítà ń yẹ ojú wọn wò nínú ilé yẹn. Èmi ló kàn."

Aboyún bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò wá tú u?"

"Kí n tú u kẹ̀? Látọjọ́ tí mo ti ń hunṣọ, bàbá yín ò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe. Ní báyìí, tálejò bá wọlé, wọ́n á ní, 'Àwa méjèèjì la jọ ń hun ún.'"

Bàbá jáde, wọ́n jókòó ti ìyàwó wọn, wọ́n kiwọ́ bọ báàgì òwú, wọ́n sì fa gíríìnì yọ.

"Ọmọ mi, ṣé búlúù nìyí?"

"Òun gan-an ni, sà," ni aboyún wí.