Búrẹ́kì Tó Wà Lábẹ́ Ìró Ìyá Ìyàwó Mi

Ògo! Ògo fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹ sin èmi àti ìyá ìyàwó mi lọ́jọ́ kan náà! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ tún bá mi dúpẹ́!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní ìlú Tápà, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, pé ìyàwó mi, ìyá Fọlákẹ́, ti bímọ ní ọsibítù Ìgbó-Ọrà. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní ká máa gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì ni gíà rẹ̀ ti ń han, bí ẹni pé òun kò fara mọ́ òfin tuntun.

Mo ní kí ni mo fẹ́ máa bẹ mẹkáníìkì sí. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Mo da ọ́ílì gíà tó ti dúdú nù, mo tú ìdérí rẹ̀ wò, mo dé e padà, mo da ọ́ílì tuntun sí i. Nígbà tí mo jáde, nọ́ọ̀tì méjì lára èyí tí mo tú ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Mo ní bóyá èènì ni.

Ọkọ̀ kò wọ gíà kankan mọ́!

Màmá, ìyá ìyàwó mi, ti jókòó síwájú pẹ̀lú ẹrù ọmọ tuntun. Wọ́n ní, "Ọmọ ọmọ mi ń retí mi. N kò sọ̀ kalẹ̀."

Ọlọ́run rán Ráúfù sí wa, dírẹ́bà lọ́rì tó ń kó gbágùúdá. Ó ní òun á wọ́ wa lọ.

"Tíṣà, ṣé búrẹ́kì yín ń mú?"

"Ó ń mú dáadáa." N kò tẹ̀ ẹ́ wò o!

"Ẹ jẹ́ ká wá igi tó le, ká fi de ọkọ̀ méjèèjì pọ̀. Okùn kì í dá ọkọ̀ dúró."

"Ráúfù, okùn ti tó. Ìyàwó mi ń dúró."

Ó fi okùn so wá mọ́ lọ́rì rẹ̀, a sì ń lọ dáadáa títí a fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ síbi afárá. Lọ́rì rọra ń sọ̀. Tiwa kò rọra. Mo tẹ búrẹ́kì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Àṣé sípánà mi ti lu ọ̀pá ọ́ílì búrẹ́kì já nígbà tí mo wà lábẹ́ ọkọ̀! Mo yà kí n má baà kọlu ìdí lọ́rì. Okùn já pàù. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ wá kọjá ẹni tó ń wọ́ ọ!

Màmá juwọ́ sí Ráúfù: "Dírẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o! A ti ń lọ níwájú!"

Ráúfù figbe ta: "Tíṣà! Búrẹ́kì ọwọ́!"

Láàárín àga méjèèjì ló wà. Ṣùgbọ́n ìró Màmá ti bò ó, itan wọn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará, níbo ni wọ́n ti bí mi tí n ó na ọwọ́ sí irú ibẹ̀ lára ìyá ìyàwó mi? Mo na ọwọ́, mo ká a kò. Afárá ń bọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, kó má jọ àrífín…"

"Kí ló dé?"

"Ohun kan ló wà lábẹ́ ìró yín, mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé…"

"Bàbá Fọlákẹ́! Tí mo bá kú tán, ta lo fẹ́ bọ̀wọ̀ fún? Fà á!"

Mo di ojú, mo pe Jésù, mo fà á. Ọkọ̀ náà ké, ó yídìí padà, ó dúró gbọin létí omi. Halelúyà!

Màmá rọra tún ìró wọn ró. "N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́rì Ráúfù ló gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá àti ọmọ wà lálàáfíà. Kí ló wá ń gbọ̀n yín?" Kí n tó lanu, Màmá ti ròyìn fún gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín bá bàjẹ́, ẹ tẹ búrẹ́kì wò kí wọ́n tó so yín mọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ tí o wà nínú wàhálà, tí ojú ń tì ọ́ láti kígbe, kígbe! Ọlọ́run kò ní kí o kí òun tán kí òun tó gbà ọ́. Ẹ wẹ̀yìn wò: Màmá nìyẹn, láàyè, tí wọ́n ń juwọ́ sí mi pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù. Olúwa, a dúpẹ́ o!