Àyè Ìyàwó Mi Nídìí Oúnjẹ Ilé Ìwé

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, ọpẹ́ ni mo bá wá. Halelúyà!

Láàárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi wà pọ̀ kẹ́yìn, ó ń bá mi jà pé mo tún wọ bàtà oko wọ pálọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un lọ.

Òun ló ń ṣe pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé Ajue ń jẹ. Ìjọba ló ní kí àwọn ilé ìwé ní Odígbó máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ìtòsí, dípò kí wọ́n máa kó o wá láti ọjà Ore. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà púpọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, gba àyè rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìlara fẹ́ pa mí! Mo gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run dá àyè ìyàwó mi padà. Ọkọ obìnrin náà ń bá a la igi, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ṣadé wọlé tọ̀ mí wá.

"Tíṣà, ṣé èmi ni mo pa ìyàwó yín ni, tí ẹ kì í dá mi lóhùn tí mo bá kí yín?"

Mo gbé àga fún un, ó jókòó.

"Ilé ìwé girama náà ti ń béèrè pupuru báyìí. Agbára mi ò gbé e. Bí ẹ ò bá ṣe é, àwọn ará ìlú Omifunfun ni wọ́n máa gbé e fún."

"Èmi kẹ̀? Ìwé ni mo mọ̀."

"Ẹ wá lọ se ìwé fún wọn jẹ!"

Mo gbàdúrà, mo bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ ẹ̀gẹ́, mo gún un, mo mọ ọ́n róbótó sórí àjà òkè iná, mo sì kó igi púpọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jó dúdú, inú rẹ̀ tutù rinrin. Ọkọ Ìyá Ṣadé yọjú.

"Tíṣà, ṣé iṣu lẹ̀ ń sun ni? Èéfín ló ń gbẹ pupuru, kì í ṣe iná!"

Inú bí mi pé òun ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo fa igi jáde, mo mọ òmíràn, mo jókòó tì í: "Olúwa, má jẹ́ kí àyè yìí bọ́."

Ó gbọ́! N kò ní pé ìlara ti tán. Ẹ̀rín àwọn méjèèjì ṣì máa ń ta mí. Ṣùgbọ́n mo ti ń kí wọn. Ẹ bá mi fògo fún Un, ẹ bá mi yọ̀: níwájú olùdáná ilé ìwé girama, mo fọ́ pupuru tí èmi nìkan ṣe, inú rẹ̀ gbẹ.