Òróró tí Mo Fi Pa Dígí Oòrùn

Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dìde dúró lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ẹ bá mi ní sùúrù.

Kílíníkì kan ní Amukoko ni mo ti ń ṣe ìmọ́tótó. Nígbà ọyẹ́, wọ́n gbé iná oòrùn wá síbẹ̀, kí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára má bàa gbóná mọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ìlà méjì dígí tó ń gba oòrùn ni wọ́n tò sórí dẹ́kìn lókè ilé. Dókítà ní òun ò ní fọwọ́ sí i pé òun gbà á, àfi tí fíríìjì bá fi ọjọ́ mẹ́ta tutù lórí oòrùn nìkan. Iṣẹ́ mi ni kí n máa nu dígí náà láràárọ̀.

Bàbá Súlé ló ń ṣọ́ géètì wa. Ó ti fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ rẹ̀ obìnrin síbi iṣẹ́ mi, èmi ni wọ́n mú. Látìgbà náà, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Tó bá fún mi ní gúgúrú, ẹ̀yìn kílíníkì ni mò ń dà á sí.

Ẹ rántí pé Pásítọ̀ pín òróró fún wa lọ́dún tuntun, pé ká fi ṣàmì síbi iṣẹ́ wa. Àmì ni wọ́n wí. Èmi ò fi mọ síbẹ̀. Láràárọ̀, tí mo bá nu dígí tán, màá rọ òróró sórí àkísà, màá fi pa gbogbo rẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tá má lè ràn án.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, bátìrì ti rẹ̀. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún rí bákan náà. Ẹnjiníà tó gbé iná náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìfura-tìfura. Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá mò ń ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ bọ iná. Ó bi mí pé kí ni mo fi ń nu dígí. Ẹ̀rù bà mí, mo ní omi ni. Ó sọ fún Dókítà pé tó bá tún kùnà, kí wọ́n pààrọ̀ ẹni tó ń nù ún. Iṣẹ́ yẹn sì ni èmi àti ìyá mi ń jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo rí Bàbá Súlé tó ń gun àkàbà lọ sókè, ó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ bùbá. Mo ní ọwọ́ ti bà á. Mo sáré wá síbí, mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọ̀tá tí ẹ máa ń gbà fún àdúrà. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ fẹjọ́ sun ẹnjiníà.

Ó kó èmi àti Bàbá Súlé lọ sókè. Ìsàlẹ̀ nídìí bátìrì ló ti ń wọn iná tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó gbé mítà sí ìlà tó wà létí àkàbà, iná ibẹ̀ dáa. Ó gbé e sí ti ọ̀hún, ọwọ́ mítà ò fẹ́ẹ̀ mira. Ó fọwọ́ ra dígí náà. Eruku ọyẹ́ àti eruku sìmẹ́ǹtì láti wáàfù tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ. Ó kọjú sí Bàbá Súlé.

"Bàbá, kí lẹ fi pa á?"

Bàbá Súlé mú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú jáde lábẹ́ bùbá. Ó ní fífọ̀ ni òun ń fọ̀ ọ́, orúnkún òun ni ò jẹ́ kí òun dé ìlà kejì.

"Ta ló wá pa á?"

Bàbá wò mí, ó tẹrí ba. "Mi ò mọ̀."

Ó mọ̀. Ó ti ń rí ìgò lọ́wọ́ mi tipẹ́. Ibẹ̀ ni Olúwa ti tú ahọ́n mi.

"Ọ̀gá, èmi ni. Òróró ṣọ́ọ̀ṣì ni. Irọ́ ni mo pa pé omi ni."

Ẹnjiníà ní ṣé oòrùn ló ní ọ̀tá ni àbí èmi. Bàbá bá mi bẹ̀ ẹ́ pé ọmọdé ni mí, kí wọ́n jẹ́ ká fọ̀ ọ́. A fọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn ò fi mí sùn.

"Tí wọ́n bá lé ẹ, ta ni yóò máa bá mi da gúgúrú nù?"

Fíríìjì tutù fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Dókítà fọwọ́ sí i. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ mi.

Pásítọ̀, òróró ò ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gba ìwé tí mo kọ orúkọ Bàbá Súlé sí padà. Wọ́n wà ní géètì ṣọ́ọ̀ṣì níta báyìí. Wọ́n ní Mùsùlùmí làwọn, ibẹ̀ làwọn ti máa gbọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ sókè dáadáa, kó lè dé etí wọn.