Epo Tí Mi Ò Fojú Rí Ni Mo Kọ Sílẹ̀

Ọdún méje ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Ọkọ mi ò mọ̀, àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Mò ń sọ ọ́ fún yín báyìí torí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti ránṣẹ́ pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó bínú sí mi.

Ìwó ni mò ń gbé. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà mí sí nígbà náà ni pé kí n máa lọ sí àwọn ilé tí wọ́n ń kó epo pupa àti òróró pamọ́ sí, ní Ìwó, Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó. Lóṣooṣù, mo máa ń kọ iye tó wà nílẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, mo sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo. Wọ́n á pa tiwa pọ̀ mọ́ ti àwọn ìlú mìíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá epo tí orílẹ̀-èdè wa ní nílẹ̀ ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù.

Mo kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ, mo sì máa ń fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó yá ni rọpárọsẹ̀ dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Oṣù yẹn, mi ò lè jáde. Mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, mo wo fọ́ọ̀mù oṣù tó kọjá, mo fi díẹ̀ lé e, mo fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Ọkọ mi gbádùn, ó tún ń dá rìn. Síbẹ̀ mi ò padà sẹ́nu iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ibi tí ẹ̀bi mi wà gan-an nìyẹn. Ó ti rọ̀ mí lọ́rùn. Mo kàn ń fi díẹ̀ lé e lóṣooṣù ni.

Alhaja Sàlámọ́tù ni olórí àwọn obìnrin tó ń fún epo ní Ilé-Ogbó. Bí ọmọ ni wọ́n ṣe mú mi. Lọ́dún yẹn, wọ́n wá kí ọkọ mi, wọ́n sì bi mí pé, "Ìyá Fàtáì, ìwọ lò ń wọ gbogbo ilé epo wọ̀nyí. Ṣé epo wà nílẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó wà, mà. Ó pọ̀ gan-an ni."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá sọ? Tí mo bá ní mi ò mọ̀, wọ́n á bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe.

Alhaja ti ń gbèrò pé kí àwọn obìnrin náà tọ́jú epo wọn di ìgbà tó máa ń wọ́n. Nítorí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ní kí gbogbo wọn tà á. Wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú. Kò pé oṣù méjì tí epo fi di ohun tí a ń wá kiri. Àwọn ilé tí mo kọ pé epo kún inú wọn ti ṣófo tipẹ́.

Àwọn obìnrin náà pe ìpàdé. Èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ní àwọn tó ra epo ló ti fún Alhaja ní rìbá. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Alhaja, ta ló sọ fún yín pé epo pọ̀?"

Alhaja wò mí. Wọ́n ní, "Èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin yẹn yọ Alhaja nípò olórí. Mo jókòó, mò ń wo ilẹ̀. Alhaja ò sọ ọ́ sí mi rí. Mo mọ̀ pé wọ́n gbà pé mo ṣe àṣìṣe ni. Wọn ò mọ̀ pé mi ò tilẹ̀ dé àwọn ilé epo náà.

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Ràfíátù, àbígbẹ̀yìn Alhaja, ni wọ́n gbà sí i. Ìyá rẹ̀ ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, láti fi bí epo orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún hàn. Ó nàka sí ibì kan tó ga, ní ọdún méje sẹ́yìn. "Màmá, epo pọ̀ lọ́dún yẹn o."

Mo wò ó títí. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ epo níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ bírò mi. Mi ò sì mọ iye àwa tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá mú fọ́ọ̀mù àtijọ́ kan jáde. Ó rọra ní, "Màmá, wọ́n ní òjò ti wó ilé epo Olúpọ̀nnà yìí kẹ́ ẹ tó kọ èyí. Epo wo lẹ kà níbẹ̀?"

Mo ní mi ò rántí mọ́. Ó wò mí, ó ká ìwé rẹ̀, ó dágbére.

Ọjọ́ kejì ni Alhaja ránṣẹ́ pé kí n wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ti ní màá wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ fún Alhaja nìkan, àbí kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe àwọn obìnrin náà jọ? Tó bá tàn kálẹ̀, ọkọ mi á máa rò pé àìsàn òun ló fà á. Ṣùgbọ́n Alhaja ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn kan wà nínú àwọn obìnrin yẹn tí kì í kí wọn títí di òní.