Páúdà Inú Lẹ́tà Màmá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ọdún Àjíǹde, mi ò lè gbé e mì mọ́. Èmi Ìyìn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín ọ̀rẹ́ méjì jẹ́.

Ìyá bàbá mi ni mò ń bá gbé ní Festac. Àwọn àti Màmá Yíwọlá jọ ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ọ́fíìsì kan náà, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Màmá Yíwọlá kó lọ sí Satellite Town, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà síra wọn. Oní bírò o. Màmá mi ní fóònù kì í jẹ́ kéèyàn ronú kó tó sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á fi páúdà pa á lára kí íǹkì má bàa yí, wọ́n á ká a, èmi ni màá gbé e lọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá sì gba èsì bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ìmẹ́lẹ́ bá wọ̀ mí lẹ́wù. Mo ní kí ni mò ń wọ kèké lọ fún? Mo ya lẹ́tà yẹn ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá, ìyàwó ọmọ Màmá Yíwọlá tí wọ́n jọ ń gbé, pé kí wọ́n bá mi kà á fún Màmá Yíwọlá. Mi ò tiẹ̀ wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo gba ọ̀dọ̀ Dammy ọ̀rẹ́ mi lọ l'Agboju, ó bá mi dirun. Irun rèé, ọpọlọ dà?

Mo délé, Màmá ní ṣé Yíwọlá rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ọbẹ̀ wo? Mo ní, "Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, Màmá. Èsì ń bọ̀." Inú wọn dùn débi pé wọ́n mú ẹran inú abọ́ tiwọn fún mi. Mo sì jẹ ẹ́. Ẹran yẹn ò tíì dà nínú mi dòní.

Èsì ò wá. Màmá tún kọ òmíràn, mo tún ya á ní fọ́tò. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n bá ń bi mí pé, "Ìyìn, ṣé mo ṣẹ Yíwọlá ni?" Páúdà wà lórí tábìlì, wọn ò ṣí i mọ́.

Lánàá, mo lọ Satellite. Màmá Yíwọlá ò dá mi lóhùn dáadáa. Wọ́n ní Margaret ọ̀rẹ́ àwọn, ìyẹn Màmá mi, ti ń tú àṣírí àwọn sínú fóònù. Ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá kọ ọ́ pé ọbẹ̀ tí ìyàwó ọmọ wọn sè lọ́dún Àjíǹde, omi ẹ̀ tó ṣèrìbọmi? Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá gan-an ló ń kà á sókè. Wọ́n débẹ̀, wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n wọ kíṣìnnì lọ sunkún.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Àǹtí ní òótọ́ ni omi pọ̀, àlejò ló pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màmá Yíwọlá ní kí n mú lẹ́tà gangan wá. Mo yọ méjèèjì nínú báàgì mi. Wọn ò kà á, wọ́n kọ́kọ́ gbé e símú.

"Margaret mi rèé."

Wọ́n bá fún mi ní bírò, pé kí n fọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo ṣe ránṣẹ́ sí Màmá, àwọn á fi tiwọn sí i.

Mo gbé e fún Màmá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mo jókòó sí tí mò ń tẹ èyí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí àgbà bá fi lẹ́tà rán yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e débẹ̀. Ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ẹ dúró, wọ́n ń pè mí.

"Ìyìn."

"Màmá."

"Wàá dá ẹran mi padà. Ó yá, gbé páúdà mi wá."